Fóònù tí a ń há mọ́ aṣọ

Ìgbà tí ọmọrogùn bá wà lọ́wọ́ ni fóònù ilé máa ń dún. Bí èèyàn bá sì fi àmàlà sílẹ̀ lórí iná, kókó ni yóò bá nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Gigaset ti Jámánì ṣe nǹkan kékeré kan, L410, fún irú àsìkò bẹ́ẹ̀. A ó há a mọ́ ọrùn ẹ̀wù. Ọ̀nà DECT tí fóònù ilé tí kò ní wáyà ń lò náà ló ń lò láti bá àpótí ẹ̀bá ògiri sọ̀rọ̀. A tẹ bọ́tìnnì, a dáhùn, àmàlà ń lọ.

Kí la ó wá máa pè é? Ní Nàìjíríà, wáyà fóònù NITEL ti di ìtàn, GSM tó dé ní 2001 ló gba ìgboro. Àwọn èèyàn wa ní Britain, tí fóònù ilé ṣì wà ní pálọ̀ wọn, ló nílò ọ̀rọ̀ yìí jù.

Ẹ má pe “hands-free” ní “ọwọ́ ọ̀fẹ́”. Ohun tí a kò sanwó fún ló ń jẹ́ ọ̀fẹ́. “Ọwọ́ òfo” tún burú jùyẹn lọ. “Ọwọ́ dilẹ̀” ì bá dára, ṣùgbọ́n ta ni ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ nídìí àmàlà? Ọwọ́ dí ni. Ẹ kàn sọ pé fóònù náà kò gba ọwọ́.

“Àgékúrú” tí kọ̀ǹpútà fẹ́ràn fún “clip” kò tọ̀nà níbí. Ṣọlá ni àgékúrú Adéṣọlá. Fóònù yìí, ta ló gé e? “Wọ̀” náà kò bá a mu. Ẹ̀wù là ń wọ̀, fìlà là ń dé, gèlè là ń wé, ìró là ń ró, yẹtí là ń fi sétí. Ohun tó bá di aṣọ mú, a há a mọ́ aṣọ ni, bí a ti ń há bírò mọ́ àpò. Àmọ́ ẹ má yọ orúkọ lára ìyẹn o: àhámọ́ wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Láti ara “gbé kọ́” ni kí a ti mú orúkọ, bí a ti ní àpò àgbékọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ẹni tí kò gbé nǹkan kan sétí, ṣé a lè ní ó “gbé fóònù”? Ó dáhùn ló tọ́. “Jẹ́ ìpè” náà dára, àfi tó bá jẹ́ àgbàlagbà: ẹni tó bá gbọ́ pé Màmá ti jẹ́ ìpè yóò béèrè ọjọ́ ìsìnkú.

Nínú ìwé, ẹ kọ “fóònù àgbékọ́”. Lẹ́nu, ẹ ní: “Màmá, ẹ há a mọ́ ọrùn aṣọ yín, kẹ́ ẹ fi dáhùn.”