Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ Kì í Ṣe Tín-ín-rín

Bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ rẹ̀ lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe, tó ní "ohùn rẹ̀ kéré", kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣé gbogbo ìró ló ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àbí àwọn tín-ín-rín bíi ti ẹyẹ ni kò wọlé mọ́? Agbára ìró ni kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ń sọ, decibel la fi ń wọ̀n ọ́n. Tín-ín-rín ń sọ bí ìró ṣe ròkè sí, hertz ni tirẹ̀. Igbe ọmọ ọwọ́ ń dún tín-ín-rín, síbẹ̀ ó ń dunni létí. "Sókè" gan-an ń tanni: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sókè ń lo agbára, ṣùgbọ́n ohùn òkè tí à ń fàmì sí lórí ọ̀rọ̀, èèyàn lè rọra sọ ọ́ sí ẹlòmíì létí.

Àpótí ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ wò kì í da méjèèjì pọ̀. Yóò máa rán ìró oríṣiríṣi hertz sí ẹ̀rọ náà, gbohùngbohùn kékeré yóò sì máa gba èyí tó bá jáde. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin sí, decibel 90 ni wọ́n ń rán sí i. Ìró ni ohun tí a rán. Ariwo ni èyí tó yà wọlé láìjẹ́ pé a pè é, òun ló fà á tí wọ́n fi ń pa ìdérí àpótí dé.

Ṣùgbọ́n ta ló yẹ gbohùngbohùn yẹn wò? Wọ́n á tì í bọ ihò ohun èlò kan tó ń dún ní 1,000 hertz, decibel 94. Bí àpótí bá ka 91, gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi wọ̀n ni yóò dà bí ẹni pé ó fi decibel 3 rẹlẹ̀, wọn a sì máa yí èyí tó dáa sókè lásán. Àwọn kan ń pe yíyẹ gbohùngbohùn wò báyìí ní "àtúnṣe". N kò fara mọ́ ọn: ohun tó bà jẹ́ là ń tún ṣe. "Mímú bá òṣùwọ̀n mu" ló tọ́, ìyẹn ni oníṣòwò tó ń fi kọ́ńgò wọn gàrí yóò sì gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àyẹ̀wò yìí bá sì ń kọ èsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí etí rẹ̀ wúwo kì í ṣe "aláìgbọ́ràn". Olóríkunkun lẹ pè é yẹn.