ARIWO INÚ ỌKỌ̀: Ẹ GBỌ́ Ọ DÁADÁA KÍ Ẹ TÓ NÁWÓ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Òwe yìí ni ó bá ẹ̀kọ́ wa tòní mu.

Lóde òní, púpọ̀ nínú wa kì í lo kásẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni a ń so mọ́ ampilifáyà, a ó sì fi ṣájà rẹ̀ sí ojú iná sìgá ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ọjọ́ àṣà bá kù sí dẹ̀dẹ̀, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni a fi ń ṣe ìkéde. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó kúrò nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Tina Junction, ohun kan yóò ti máa kùn hùn-ùn lábẹ́ ewì. Bí awakọ̀ bá tẹná, ohun náà yóò gbé ohùn sókè. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí ariwo bá bo ohùn mọ́lẹ̀, olùgbọ́ lè gbọ́ ọkọ́ níbi tí a ti sọ ọkọ̀.

Ìmọ̀ràn tí àwọn ènìyàn sábà máa ń gbà wá ni pé ká ra ampilifáyà tuntun. Lérò tiwa, ìyẹn ni pípa làpálàpá. Ariwo a máa ní ọ̀nà tó gbà wọlé, ọ̀nà yẹn ni ó yẹ ká kọ́kọ́ wá.

KÍ NI Ó Ń FA ARIWO YÌÍ?

Bátìrì ọkọ̀ jẹ́ 12 volt. Bí ínjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator a máa gbé iná náà dé nǹkan bí i 14 volt. Iná tí alternator ń ṣe nínú ara rẹ̀ jẹ́ èyí tó ń lọ tó ń bọ̀. Díódù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fi sí i láti sọ ọ́ di iná tó ń lọ sápá kan ṣoṣo. Síbẹ̀, iná náà kì í tẹ́jú pátápátá. Ó máa ń ru díẹ̀díẹ̀ bí ìgbì omi. Bí ínjìnnì bá ṣe ń yára sí i ni ìgbì náà ń yára sí i, ìdí nìyẹn tí ariwo rẹ̀ fi ń ti ohùn ìsàlẹ̀ bọ́ sí àárín, tí ó sì ń dé ohùn òkè. Àwa tí a mọ àmì ohùn lò kò gbọdọ̀ ṣi èyí gbọ́.

Ẹ lè béèrè pé: ṣé kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó ní alternator ni? Kí ló dé tí òmíràn ń pariwo, tí òmíràn sì dákẹ́? Ìdáhùn náà wà lára ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà sí ara irin ọkọ̀. Ṣájà kọ̀ǹpútà ní ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ níwájú, ampilifáyà ní tirẹ̀ lẹ́yìn nínú búùtù. Àwọ̀n irin tó yí wáyà orin ká sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Iná wá rí ọ̀nà méjì gbà padà sílé. Lóòótọ́, ọ̀nà kan kò wọjà. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni a fẹ́. Ọ̀nà kejì yẹn, tó gba ara wáyà orin, ni ariwo ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ampilifáyà ń fa 20 ampere, tí ojú ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ti dípẹtà, tí ìdènà rẹ̀ wá jẹ́ 0.02 ohm. Ẹ sọ 20 di ìlọ́po 0.02, ẹ ó rí 0.4 volt. Orin tó ń ti ara kọ̀ǹpútà bọ̀ lè má ju nǹkan bí i 0.3 volt lọ. Kì í ṣe gbogbo 0.4 yẹn ni etí ń gbọ́, apá tó ń ru nìkan ni. Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ó ń ru, tí í ṣe 0.004 volt, ampilifáyà yóò sọ ọ́ di ńlá pẹ̀lú orin. Ampilifáyà kò mọ ewì yàtọ̀ sí ariwo.

Ẹ FI ETÍ DÁ A MỌ̀

1. Hùn-ùn tó ń gòkè bí ínjìnnì ṣe ń yára: láti alternator ni, ó sì sábà máa ń gba ẹ́ẹ̀tì wọlé.

2. Ta-ta-ta tó ń tẹ̀ lé ínjìnnì: iná tó ń ta lára pílọ́ọ̀gì ni. Ẹ yẹ pílọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀ wò.

3. Ṣìì tí kì í yí padà, ìbáà jẹ́ pé ínjìnnì ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́: a ti yí nọ́ọ̀bù ampilifáyà sókè jù. Ẹ gbé ohùn kọ̀ǹpútà sókè, kí ẹ sì rẹ ti ampilifáyà sílẹ̀.

4. Dí-dí-dí, kí ìpè tó wọlé: fóònù ni. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2001 tí GSM ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ni a ti ń gbọ́ ọ. Fóònù tó bá wà lórí 2G a máa ju ìgbì jáde ní nǹkan bí ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbé e jìnnà sí wáyà orin.

ÌDÁNWÒ MẸ́TA TÍ KÒ NÁ WA NÍ KỌ́BỌ̀

Ẹ má ṣe é létí títì Tina Junction, nítorí ariwo títì kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ nǹkan. Ẹ wá ibi tó dákẹ́ tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí. Èéfín ọkọ̀ nínú ilé tí a tì pa lè pa ènìyàn. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ tan ínjìnnì, ẹ má lu orin kankan.

Ìkíní: Ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà kúrò lójú iná sìgá, kí kọ̀ǹpútà máa lo bátìrì tirẹ̀. Bí ariwo bá dákẹ́, ọ̀nà ṣájà ni ó ń gbà. Kò sí ohun tó ṣe ampilifáyà.

Ìkejì: Bí kò bá dákẹ́, ẹ yọ wáyà orin lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ kì í bọ fóònù tí kò sí lórí ṣájà. Bí ó bá dákẹ́ báyìí, kọ̀ǹpútà ni ká tọ́jú.

Ìkẹta: Bí kò bá tíì dákẹ́, ẹ pa ampilifáyà, ẹ yọ wáyà orin lára rẹ̀, kí ẹ tún un tàn. Bí ó bá dákẹ́, wáyà orin tàbí ọ̀nà tí a gbé e gbà ni ó ní àbùkù. Bí ó bá ṣì ń hùn, ẹ́ẹ̀tì ampilifáyà, wáyà iná rẹ̀ tàbí ampilifáyà fúnra rẹ̀ ni.

ÀTÚNṢE

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹ́ẹ̀tì. Ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò títí irin yóò fi funfun, kí ẹ fi bóòtù dè é pinpin. Kí wáyà rẹ̀ nípọn, kí ó sì kúrú. Òjò Jos tó ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá a máa mú ojú ẹ́ẹ̀tì dípẹtà, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ kó ẹ́ẹ̀tì gbogbo ẹ̀rọ orin sójú kan.

Ẹ gbé wáyà iná gba apá kan ọkọ̀, kí wáyà orin gba apá kejì. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn.

Bí ó bá jẹ́ ti ṣájà, àpótí kékeré kan wà tí a ń fi sáàárín wáyà orin. Tiransífọ́mà ni ó wà nínú rẹ̀. Orin a máa gba agbára òòfà kọjá láìjẹ́ pé wáyà kan wáyà, nípa ìlànà tí Michael Faraday ṣàwárí ní ọdún 1831. Ọ̀nà kejì ti gé nìyẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ rà á lè lo Bluetooth, tàbí kí ó gba iná sí kọ̀ǹpútà kúnkún nílé kí ó tó jáde.

ÌKÌLỌ̀

Àwọn kan a máa sọ pé ká gé ẹ́ẹ̀tì ampilifáyà kí ariwo lè dákẹ́. Ẹ má gbà! Iná tó yẹ kó gba wáyà nípọn padà yóò fẹ́ gba àwọ̀n wáyà orin tó tín-ín-rín, yóò sì wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ rántí pé inú kọ̀ǹpútà yẹn ni iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ọ̀pọ̀ nínú wa wà. Bákan náà, wáyà iná tó ti ara bátìrì bọ̀ gbọ́dọ̀ ní fíúsì tí kò jìnnà ju nǹkan bí 45 sẹ̀ǹtímítà lọ sí bátìrì. Bí wáyà tí kò ní fíúsì bá bó, tó kan ara ọkọ̀, iná lè sọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ló dé tí ariwo alternator fi ń yí ohùn padà, tí ṣìì kì í sì í yí padà?

2. Bí ampilifáyà bá ń fa 15 ampere, tí ìdènà ẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ 0.01 ohm, volt mélòó ni ó wà lórí ẹ́ẹ̀tì náà?

3. Ariwo dákẹ́ nígbà tí a yọ ṣájà. Kí ni kò yẹ ká rà?

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá mọ ojú fèrèsé tí olè gbà wọlé, fèrèsé náà ni yóò tì. Kò ní torí olè wó ilé. Ó di ìgbà mìíràn ná. Ire o.