Gbígba Ẹni Ẹlẹ́ni Sílẹ̀ ní Sàngó-Ọ̀tà

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá ń lu ẹni téèyàn kò mọ̀ rí lábẹ́ bíríìjì Sàngó, ṣé òfin fàyè gba ẹlòmíràn láti gbà á sílẹ̀?

Ìdáhùn: Òfin fàyè gbà á. Ìwọ̀n agbára tí ẹni tí wọ́n kọ lù lè fi gbèjà ara rẹ̀, abala 288 nínú Criminal Code Nàìjíríà gbà kí ẹlòmíràn lo irú rẹ̀ láti gbà á, bó bá ṣe é pẹ̀lú ọkàn rere. Bí ọwọ́ bá ti tẹ ẹni tó kọ lu èèyàn náà, ìgbèjà ti parí. Lílù tó bá tẹ̀lé e, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Lójú ọ̀nà Ìdíròkọ́, níbi tí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ti ń jáde ní ìdájí, ẹni tó bá pariwo “olè!” yóò rí èrò, àmọ́ èrò kì í wádìí. Irú ariwo bẹ́ẹ̀ ló pa akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin ní Aluu ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012. Ní 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún èèyàn mẹ́ta lórí rẹ̀. Ọlọ́pàá kan wà nínú wọn.

Ariwo “ẹ gbà á o!” sàn ju “olè!” lọ. Kí èèyàn bíi mélòó kan jọ súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń lu ẹni náà, kí ẹnì kan pe 112. Bí ìbọn bá wà níbẹ̀, kí wọ́n jìnnà, kí wọ́n sì pe ọlọ́pàá. Bí ìbọn bá ba ẹnikẹ́ni, òfin ọdún 2017 pàṣẹ kí ilé ìwòsàn tọ́jú rẹ̀ láìdúró de ìwé ọlọ́pàá.