Bí Olùkọ́ Titun Ṣe Lè Rí Iṣẹ́, àti Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Ó Gbé Láàrin Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni ti ìgbà tí a bá ti gba ìwé-ẹ̀rí wa tán. Gbogbo wa ni a ti kọ́ bí a ti ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Díẹ̀ nínú wa ni ó mọ bí a ti ń gbọ́ pé àyè ṣí sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ìdó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò gbọ́ kò lè béèrè.

Ohun tí òfin ń fẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Ìwé-ẹ̀rí NCE ni ó kéré jù tí a fi ń ṣe olùkọ́ ní Nàìjíríà nísisìyí, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ tí a fi òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, SUBEB ni ó ń gba olùkọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, TESCOM ni ó ń gba ti girama, Adó sì ni ọ́fíìsì méjèèjì wà. Bí wọ́n bá kéde, ẹ tètè kọ fọ́ọ̀mù yín. Ṣùgbọ́n ìkéde náà a máa pẹ́ kí ó tó dé, ebi kì í sì í dúró dè é. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kì í sábà kéde rárá: bí olùkọ́ kan bá lọ, ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ a bi àwọn tí ó kù pé, “Ta ni ẹ mọ̀?”

Ní ọdún 1973, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Mark Granovetter, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ó bi àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú Newton, nítòsí Boston, léèrè bí wọ́n ti gbúròó iṣẹ́ wọn. Nínú àwọn tí ènìyàn kan fi ọ̀nà hàn, nǹkan bí 17 péré nínú 100 ni ó ń rí ẹni náà nígbà gbogbo. Nǹkan bí 56 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyókù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Àwọn tí ó bi kò pọ̀, ìlú wọn kò sì jọ tiwa, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ yé ni. Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń sùn ní iyàrá kan, ohun tí a mọ̀ ni òun náà mọ̀. Ojúlùmọ̀ tí ó wà ní ibòmíràn ni ó ń gbọ́ ohun tí etí wa kò dé.

Ẹ wo ilẹ̀ wa. Ní Ìfàkì ni ọ̀nà tí ó ti Adó wá ti pínyà: ọ̀kan gba Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé lọ sí Òmùò, èkejì gba Ìdó lọ sí Ọ̀tùn. Ọmọ Ìkọ̀lé tí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìkọ̀lé kò ní mọ ohun tí ó ń lọ ní ọ̀nà kejì. Láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tí ó sì ní ẹ̀ka ní Ìkọ̀lé, àwọn òṣìṣẹ́ ti kó ọmọ wọn wá láti ọ̀nà jíjìn. Bákan náà ni ti ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń fẹ́ olùkọ́. Ta ni yóò sọ fún wa? Akọ̀wé ilé ìwòsàn tí a jọ wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyá tí ń ná ọjà láti ìlú dé ìlú, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti fi ọdún mẹ́ta ṣáájú wa jáde.

Èyí tí ó ju gbogbo wọn lọ ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti lọ fi ìkọ́ni dánra wò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ka ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn sí ìyà tí a ní láti jẹ kí a tó gba máàkì. Ọ̀gá náà kò kà á bẹ́ẹ̀. Ó ń wo ẹni tí ó dé kí agogo tó lù, ẹni tí nóòtì ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé, ẹni tí ó nu pátákó kí ó tó jáde, kí olùkọ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ibi kọ̀wé. Lẹ́yìn ọdún méjì, bí ọ̀gá mìíràn bá bi í, orúkọ ẹni yẹn ni yóò wá sí i lẹ́nu.

Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ iyì ojúlùmọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1931, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Èkó àti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Ìjẹ̀bú para pọ̀ di Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà, NUT. Alùfáà I. O. Ransome-Kuti ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1954. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìjọ tí àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ fún, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó pọ̀. Bí ẹ bá wọ iṣẹ́ ìjọba, ẹ má fi ìpàdé ẹ̀ka rẹ̀ ṣeré.

Ọ̀nà ìbéèrè pẹ̀lú ṣe pàtàkì. “Ẹ bá mi wá iṣẹ́” wúwo jù fún ẹni tí ó mọ̀ wá díẹ̀. Ó sàn kí a wí pé: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ti parí ẹ̀kọ́ mi. Ìṣirò àti iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo lè kọ́. Bí ẹ bá gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń wá olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀.” Bí ìròyìn rẹ̀ bá já sí asán, kí a padà lọ dúpẹ́ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí àwọn tí ń rìn kiri pé àwọn mọ ẹni ńlá ní Adó, kí a mú owó wá. Mo mọ ìdílé kan tí ó fi oko kòkó dógò nítorí irú ìlérí yìí. Iṣẹ́ kò dé, oko kò padà. Ìròyìn ni ojúlùmọ̀ ń mú wá. Ẹni tí ó bá ń ta ipò, ọjà ni ó ń tà.

Bí a bá ti dé ibi iṣẹ́, ìwé-ẹ̀rí wa a máa tàn wá pé a ti gbọ́n ju àwọn tí a bá níbẹ̀. Olùkọ́ àgbà tí ó ti lo ogún ọdún níbẹ̀ ni ó mọ ọmọ tí kì í jẹun kí ó tó wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ tètè kí i, kí ẹ sì máa bi í léèrè. Bí ọ̀gá bá ṣe ohun tí kò tọ́ lójú yín, inú ọ́fíìsì rẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ́, kì í ṣe níwájú àwọn ọmọ, kì í sì í ṣe fún igbákejì rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Èkìtì láàrin wa, kí ó má ṣe fi ohùn àwọn ọmọ ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn òbí yóò gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má sì tètè ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹlẹgbẹ́ yín nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nítorí bí kò bá san án, nínú owó oṣù yín ni wọn yóò ti yọ ọ́, ọ̀rẹ́ yóò sì bà jẹ́.

Sáà yìí kò ní pẹ́ parí mọ́. Kí olúkúlùkù mú ìwé kékeré kan, kí ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà ní kíláàsì wa sí i, ìlú rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ tí ó lè kọ́. Tèmi ti wà ní kíkọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ dà á kọ, kí ó wá rí mi lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.