Ẹṣin ní Ojúde Ọba, Akọ Màlúù ní Sípéènì: Àṣà gẹ́gẹ́ bí Ohun Ìwòran fún Àlejò

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ àwùjọ ni ó ń fi ẹranko ṣe àfihàn akin, ipò àti ọlá. Ní ilẹ̀ Sípéènì, ìjà ènìyàn àti akọ màlúù ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìjà àgbò nígbà Iléyá kò ṣàjèjì. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹṣin ni. Iṣẹ́ yìí yóò ṣe àgbéyẹ̀wò Ojúde Ọba gẹ́gẹ́ bí àṣà àti gẹ́gẹ́ bí ohun tí ń fa àlejò wá, yóò sì tọ́ka sí ojúṣe olùkọ́ Yorùbá nínú rẹ̀.

Orísun àjọ̀dún náà

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba ń wáyé. Àwọn Mùsùlùmí ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tí ó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú nínú ogun Ìmàgbọn ní 1892, ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ti Kírísítì gbilẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Balógun Kúkù, tí í ṣe olórí ogun, di Mùsùlùmí ní 1902, ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ̀ lé e. Ìtàn fi yé ni pé ìlù, ẹṣin àti ìbọn tí ó fi ń ṣe ọdún ìbílẹ̀ rẹ̀ ni ó kó wá síbi ìjúbà. Nípa bẹ́ẹ̀, àṣà àtijọ́ kò kú. Ẹ̀sìn tuntun ni ó wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ohun tí àlejò ń rí

Ìdílé àwọn ológun àtijọ́ ni ó ń gun ẹṣin wá. Àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, tí à ń pè ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, bí i Gbọ́baníyì àti Bọ́bagúnwà, a sì máa yọ nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá láti kí ọba. Ní 2024, àwòrán ọ̀kan nínú àwọn tí ó gun ẹṣin, Farooq Oreagba, tàn ká ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ tí kò gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀bú rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ní Sípéènì rí. Ìwé ìtàn àròsọ tí Ernest Hemingway kọ ní 1926 sọ ìlú Pamplona di ibi tí àlejò ń rọ́ lọ. Ṣùgbọ́n òkìkí kò parí àríyànjiyàn. Nítorí pé akọ màlúù ń kú lójú agbo, ìjọba Catalonia fi òfin de ìjà náà ní 2010. Òfin Sípéènì pè é ní ogún àṣà ní 2013. Ilé ẹjọ́ sì fagi lé òfin Catalonia ní 2016. Ẹṣin Ojúde Ọba kì í kú lójú agbo. Síbẹ̀, ewu mìíràn wà: bí aṣọ àti ẹṣin bá di òṣùwọ̀n iyì, ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a yóò jókòó sílé, ọpẹ́ yóò sì di ìdíje.

Ojúṣe olùkọ́

Àwòrán kì í sọ ìdí. Awùjalẹ̀ Sikiru Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó gorí oyè ní 1960, wàjà ní ọjọ́ 13, oṣù Keje, 2025. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ọba mìíràn ní Ojúde Ọba. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ipò ni à ń júbà, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Olùkọ́ lè rán wọn lọ gba oríkì ìdílé àwọn ológun sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, kí wọ́n ṣa ọ̀rọ̀ bí i gàárì, ìjánu àti àlùkẹ̀ǹbù jọ, kí wọ́n sì jiyàn lórí ìbéèrè yìí: ta ni ó ni àjọ̀dún, àlejò ni tàbí onílé?

Àgbálọgbábọ̀

Owó àlejò wúlò fún ìlú, kò sì yẹ kí a lé e. Ṣùgbọ́n ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ní ń bọ̀. Ilẹ̀ Ojúde Ọba ni ọpẹ́ àti ìjúbà. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú bá gbàgbé wọn, kò sí ohun tí àlejò yóò bá níbẹ̀ ju aṣọ lọ.