Kí Ọmọ Tó Mọ Ìwé Kà: Àwọn Àmì Tí Òbí Lè Rí

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí kan ilé púpọ̀ ju bí a ti ń jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ kan lè wà ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ọjà-Ọba, kí ó ṣírò ṣéńjì fún oníbàárà mẹ́ta láìṣìṣe, síbẹ̀ kí ó má lè ka ohun tí a kọ sára páálí tí ó fi ṣe ìjókòó. Olódo ni a óò máa pè é. Bí a bá sì wádìí, a lè gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni bàbá rẹ̀ rí ní ilé-ìwé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ kọ́. Ní ọdún 1896, Pringle Morgan, oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ẹni ọdún 14 tí ọpọlọ rẹ̀ pé, tí ìṣirò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n tí kò lè kàwé. Ìṣòro yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dyslexia, a máa rìn nínú ẹbí. Nínú àwọn ìwádìí tí Margaret Snowling àti Monica Melby-Lervåg ṣà jọ ní ọdún 2016, nǹkan bí 45 nínú 100 àwọn ọmọ tí ó wà nínú irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ni ó ní i. Ó túmọ̀ sí pé àwọn tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ìdajì lọ.

Báwo ni a óò ṣe mọ ẹni tí ó nílò ìrànlọ́wọ́? Ní Jyväskylä, ní orílẹ̀-èdè Finland, àwọn onímọ̀ tọ nǹkan bí 200 ọmọ lẹ́yìn láti ìgbà ìbí wọn ní àwọn ọdún 1990. Bí wọ́n ti ń pe èdè wọn ni wọ́n ń kọ ọ́, bíi Yorùbá tiwa, nítorí náà ọ̀rọ̀ wọn sún mọ́ tiwa ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Mímọ álífábẹ́ẹ̀tì kí ọmọ tó wọ ilé-ìwé wà lára àwọn àmì tí ó lágbára jù. Èkejì ni ìró: ẹ bi ọmọ ọdún márùn-ún pé nínú bàtà, bàbá àti ata, èwo ni kò bá àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀kẹta ni ìyára ẹnu. Ẹ to àwòrán ata, àlùbọ́sà, ẹja àti iyọ̀ léraléra sórí ìwé, kí ó máa dárúkọ wọn lọ. Ọmọ tí ó mọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ ń wọ́, ni kí a fojú sí.

Kí àkọ́sórí má tàn wá jẹ o. Ọmọ mìíràn lè ka Orin Dáfídì 23 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kan. Ẹ fi ọwọ́ sí àárín ẹsẹ̀ kan, kí ẹ ní kí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nínú èdè tí ó rí bíi tiwa, ìfàsẹ́yìn máa ń hàn nínú ìlọ́ra ju nínú àṣìkà lọ. Ẹni tí ó ń ka gbogbo rẹ̀ ní àkàyé, ṣùgbọ́n tí ó ń fà á bí ìgbín, ìṣòro lè wà níbẹ̀.

Kò sí èyí tí ó jẹ́ ìdájọ́ nínú àwọn àmì wọ̀nyí. Ẹ kọ́kọ́ yẹ etí àti ojú ọmọ wò, kí ẹ sì bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti kọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n bí bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n bá ti jìyà ìwé kíkà, kí wọ́n pe olùkọ́ sí kọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá mú ọmọ wá forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́, kí a lè máa fi lẹ́tà àti ìró rẹ̀ kọ́ ọmọ náà lójoojúmọ́ láti kíláàsì kìn-ín-ní.