Pípààrọ̀ Ẹ̀rọ Omi Nínú Ilé

Ẹ̀kán omi kan kì í jọ ẹni lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ omi bá ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán rẹ̀ yóò di 86,400 láàárín ọjọ́ kan. Bí a bá ka ẹ̀kán 20 sí mìlílítà kan, omi tí ó ń ṣòfò lóòjọ́ ju lítà 4 lọ. Ní ilé tí a ti ń fi ẹ̀rọ fa omi kànga sókè sínú táǹkì, owó iná tàbí owó epo ni ó ń kán lọ bẹ́ẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé sípánà ni ó ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣáájú ni kí a mọ ibi tí a ti ń sé omi. Lábẹ́ síǹkì púpọ̀, ohun kékeré kan wà lára ògiri tí a fi ń sé omi, èyí tí àwọn púlọ́ńbà ń pè ní fáàfù. Bí kò bá sí níbẹ̀, a ó wá a lọ sí ẹ̀bá táǹkì. Lẹ́yìn tí a bá ti sé e, a ó ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ kí omi tí ó kù lè dà nù. Bí omi kò bá dá, a kò gbọdọ̀ tú ohunkóhun.

Páìpù rírọ̀ kékeré ni ó sábà máa ń gbé omi láti ara fáàfù lọ sí ìdí ẹ̀rọ, nọ́ọ̀tì sì wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Apá òsì ni a ń yí nọ́ọ̀tì sí láti tú u, apá ọ̀tún láti dè é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wò ó láti òkè àti ẹni tí ó wò ó láti ìsàlẹ̀ kì í rí i bákan náà. Nítorí náà, kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ síǹkì, kí ó gbójú sókè wo nọ́ọ̀tì ìdí ẹ̀rọ dáadáa kí ó tó yí i. Kí ó sì gbé àtijọ́ dání lọ sí ọjà. Ẹnu páìpù tí ó lọ sára fáàfù sábà máa ń jẹ́ ìdajì íǹṣì, ṣùgbọ́n èyí tí ó lọ sí ìdí ẹ̀rọ lè yàtọ̀. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán díwọ̀n yóò rin ọjà lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí a bá ń to tuntun, ọwọ́ ni a kọ́kọ́ fi ń yí nọ́ọ̀tì. Bí ó bá le láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti wọ́. A ó yí i padà, a ó tún un bẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti dè é tán, sípánà yóò fún un díẹ̀ sí i, bí ìdámẹ́rin yíyí kan. Níbi tí rọ́bà bá wà nínú nọ́ọ̀tì, rọ́bà náà ni ó ń dí omi. Tépù funfun kò wúlò níbẹ̀. Ibi tí irin bá wọ inú irin láìsí rọ́bà ni a ń lo tépù. Agbára àpọ̀jù a máa gé rọ́bà, a sì máa la nọ́ọ̀tì.

Ní ìkẹyìn, a ó ṣí fáàfù díẹ̀díẹ̀, a ó nu gbogbo ojú ìdè gbẹ, a ó sì tẹ bébà mọ́ wọn. Bébà a máa fi ọ̀rinrin tí ojú kò rí hàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a ó tún wò ó. Bí páìpù inú ògiri bá ti dípẹtà, tàbí bí fáàfù kò bá sé mọ́, iṣẹ́ náà ti kọjá ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Púlọ́ńbà ni kí a pè. Síbẹ̀, ó yẹ kí tọmọdé tàgbà inú ilé mọ ibi tí fáàfù wà. Páìpù kì í dúró de ojúmọ́ kí ó tó bẹ́; ẹni tí ó bá mọ ibi tí a ti ń sé omi ni yóò gba ẹrù àti ilé là lóru, kí oníṣẹ́ tó dé.